Gíláàsì Mẹ́wàá Tí A Kò Wò

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò rí mi lára rí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣí ìdérí ike kékeré tí àwọn èèyàn tutọ́ sí, tí mo ń wò ó bóyá ó ki tàbí ó ṣàn, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí mo sì ń jẹ búrẹ́dì mi bí mo bá ti fọwọ́ tán. Àwọn ọmọ mi ló máa ń pariwo pé, "Mọ́mì, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ yín nídìí oúnjẹ o!" Ohun tó rí mi lára ní tèmi, títí di òní, kò jáde láti àyà aláìsàn kankan. Àpò ìwé ni, ó mọ́ tónítóní, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ ìjọba lù ú.

Àjọ ìlera ìjọba kan ló ń bójú tó àwọn yàrá àyẹ̀wò bíi tiwa, láti Ìkìrun títí dé Inísà àti Òkukù, pẹ̀lú àwọn abúlé tó wà láàárín. N kò ní dárúkọ àjọ náà, n kò sì ní sọ èwo nínú àwọn ilé ìwòsàn ojú ọ̀nà yẹn ni mo wà, nítorí ibẹ̀ ni mo ṣì ti ń jẹun. Àwọn ló ń fún wa ní aró tí a fi ń kun gíláàsì, ike ìtutọ́, àti ìwé tí a ń kọ àbájáde sí. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ọkọ̀ funfun wọn á dé, wọ́n á fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní gíláàsì pẹlẹbẹ mẹ́wàá nínú àpò ìwé. Wọ́n ti mọ èyí tó ní kòkòrò ikọ́ ife, tí gbogbo ayé ń pè ní tíbì, wọ́n sì mọ èyí tí kò ní. Iṣẹ́ tiwa ni kí a fi maikirosikóòpù wa wò wọ́n, kí a kọ ohun tí a rí, kí a sì dá ìdáhùn padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìdánwò ni, lọ́rọ̀ kan.

Ìdánwò! Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn lè ṣe fún ẹni tó ka ìwé lábẹ́ pàṣán. Púpọ̀ nínú wa ló ti súnmọ́ àádọ́ta ọdún, àwọn mìíràn ti ń ka ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n bí àpò ìwé yẹn bá ti dé, ńṣe la ń gbọ̀n bí ọmọ iléèwé. A gbà pé ẹni tí kò bá yege, ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń pè ní kúẹ́rì ló kàn án, àti ìtìjú lójú gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi àjọ náà léèrè ohun tí wọ́n ń fi àbájáde ṣe.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà nínú ọ̀kan lára àwọn yàrá àyẹ̀wò náà, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ mú, tí maikirosikóòpù rẹ̀ sì dára. Gíláàsì tí wọ́n ń kó fún gbogbo wa kò yàtọ̀ síra, nọ́ńbà kan náà ló wà lára wọn. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi kíyè sí i. Ẹ̀gbọ́n á wo tirẹ̀, á fi ìdáhùn sórí Wọ́ọ̀sáàpù: ení, ó wà; èjì, kò sí; ẹ̀ta, ó wà díẹ̀. Àwa tó kù á dà á kọ. Ẹ̀gbọ́n á wá fi kún un pé, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà o, ẹ̀yin èèyàn mi." Àwa náà á fi àwòrán ọwọ́ àdúrà dá a lóhùn. Ẹ gbọ́ ná: òwe tí àwọn baba wa fi ń pe ara wọn jọ síbi iṣẹ́ àṣekára, òun la fi bo ìjíwèéwò mọ́lẹ̀.

Mo ní àwáwí, bí àwáwí bá wúlò. Maikirosikóòpù tèmi ti di nǹkan mìíràn. Òjò ọdún méjì, òrùlé tó ń jò, iná tí kì í dúró kí yàrá lè gbẹ: bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bu ṣe hù sínú lẹ́ńsì rẹ̀, funfun bíi ti ara búrẹ́dì tó ti pẹ́. Mo nù ún, mo nù ún, kò kúrò, nítorí inú ló wà. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí àjọ náà, ọ̀gá ilé ìwòsàn wa fọwọ́ sí i, kò sí èsì. Ohun tó bá pọ̀ lórí gíláàsì, mo gbà pé mo ṣì lè rí i. Èyí tó bá kéré, àdúrà ni mo fi ń wò ó.

Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àpò ìwé yẹn dé ni olùkọ́ kan wọlé tọ̀ mí wá láti Òkukù. Kíláàsì karùn-ún ló ń kọ́ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà, pẹ́ńsùlù méjì wà nínú àpò àyà rẹ̀. Ó ní ikọ́ náà ti lé lóṣù kan, òógùn sì ń bò ó bó bá sùn. Ó gba ike lọ́wọ́ mi, ó sì sọ̀rọ̀ tí n kò lè gbàgbé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló wà ní kíláàsì mi, fèrèsé kan ṣoṣo ló ń ṣí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ òun ni, mi ò ní débẹ̀ mọ́ títí ara mi á fi yá."

Àárọ̀ méjì ló fi gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá. Mo kun gíláàsì rẹ̀ bó ti yẹ, mo gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù, mo wò ó títí ọrùn fi ń dùn mí. Ẹ̀bu ni mo rí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò rí nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi, èmi tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ó sì mú ìwé náà lọ fi han ọ̀gá iléèwé rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ṣí fóònù, mo da ìdáhùn Ẹ̀gbọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù àjọ. N kò tilẹ̀ yọ gíláàsì mẹ́wàá náà kúrò nínú àpò wọn.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àjọ pè wá sí ìpàdé ní Inísà. Wọ́n fún wa ní míítì páì àti omi inú ọ̀rá, wọ́n gbàdúrà gígùn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti àjọ sì dìde, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn. Ó pe àwọn tó gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Àwa ni. Wọ́n fún wa ní sátífíkéètì, wọ́n ya fọ́tò wa, ọ̀gá ilé ìwòsàn mi gbé tiwa sókè bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà pe yàrá àyẹ̀wò kékeré kan níhà Ìbà. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Gbogbo ilé ké "yéè". Arábìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó wọ híjáàbù aláwọ̀ eérú, dorí kodò. Òun nìkan ni kò sí nínú ẹgbẹ́ Wọ́ọ̀sáàpù wa, nítorí fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló ń lò.

"Nítorí náà," ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "a ó gbé maikirosikóòpù tuntun fún wọn. Olùkọ́ kan á jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ó sì máa yọjú sí wọn lóṣooṣù. Ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó ni ìrànlọ́wọ́ wa ń lọ, torí ẹ̀ la ṣe ń gbé gíláàsì kiri. Àwọn tó dáa, a ò ní yọ wọ́n lẹ́nu."

Ẹ̀gbọ́n ń wo bàtà ara rẹ̀. Àfọwọ́fà pátápátá! Ọdún mélòó la ti fi ọwọ́ ara wa sọ fún ìjọba pé kò sóhun tó ṣe wá, tí a sì ń pàtẹ́wọ́ lé e? Ara mi kọ gbogbo wa, ó kọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà tó lè wò wá lójú kó gbà pé gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì kọ èmi gan-an jù.

Nígbà tí ìpàdé tú, mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Mo ní, "Sà, ẹ̀bu ti bo lẹ́ńsì tiwa o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin mà lẹ gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, mà. Lẹ́ńsì ẹlẹ́bu wo ló ń gba mẹ́wàá?"

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Ọ̀gá mi dúró tì mí, ó wúkọ́, ó ní, "Ẹ má dá màmá lóhùn, ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe wọ́n." Mo sì rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, mo ní kí awakọ̀ dúró, mo bọ́ sílẹ̀, mo bì sínú koríko. Obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, kí lẹ jẹ?" Mo ní míítì páì ni.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí olùkọ́ náà padà wá. Ó ti gbẹ, ṣòkòtò rẹ̀ ń yọ̀ nídìí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ti wá láti ìgbà yìí.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun, ẹ ti wò ó," ó ní. "Wọ́n ní kí n lọ ya fọ́tò àyà ní Òṣogbo, mo ní rárá, wọ́n ti wò ó fún mi. Mi ò pa kíláàsì jẹ ní ọjọ́ kan."

A máa ń tọ́jú gíláàsì àwọn aláìsàn sínú àpótí. Bó ti jáde tán, mo wá tirẹ̀ àtijọ́ rí, mo fi tíṣù wé e, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkìrun, mo sì gun ọ̀kadà lọ sí Ìbà. Arábìnrin náà kí mi káàbọ̀, ó fún mi ní àga, kò bi mí ní nǹkan kan. N kò tíì fojú lé lẹ́ńsì tuntun yẹn tán tí mo fi rí àwọn kòkòrò náà: pupa, tín-ín-rín, lórí ilẹ̀ búlúù, níbi gbogbo. Ọmọdé á rí wọn. Arábìnrin náà wò ó tẹ̀ lé mi.

"Ìnnà lílláhì," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ta ló ka eléyìí tẹ́lẹ̀, mà?"

"Èmi ni."

Ibẹ̀ ni mo ti pe ọ̀gá mi. Ó ní kò sí bí a ó ṣe gún iyán ewùrà kó má lẹ́mọ, pé kí n kàn sọ fún ọkùnrin náà pé àyẹ̀wò tuntun ló gbé e jáde. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí, mo sì kọrí sí Òkukù.

Olùkọ́ náà gbé àga mi sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, òun sì jókòó lókèèrè, lára ògiri. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: gíláàsì rẹ̀, ẹ̀bu, mẹ́wàá tó wà nínú àpò.

"Ẹ jíwèé wò, mà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ikọ́ gbé e. Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, ó kọjú sí ògiri kí ó má bàa fẹ́ sí mi. Mo sọ fún un pé oògùn wà, pé ọ̀fẹ́ ni, pé bó bá lò ó fún oṣù mẹ́fà láìfò, ara rẹ̀ á yá. Kò jọ pé ó gbọ́. Ó ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́?" Mo ní a gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo wọn wò, àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó mú rẹ́jísítà wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti ń pè é láràárọ̀, mo ń kọ ọ́. Ó dúró lórí ọ̀kan. Ó ní, "Ọmọbìnrin yìí ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Mo rò pé ọyẹ́ ni." Ó dúró lórí òmíràn. Mo fa ìlà sábẹ́ orúkọ méjèèjì.

Nígbà tí mo dìde, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró jìnnà.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá wa wo tàwọn ọmọ yẹn."

Mo ní kò burú, sà.