Bí A Ṣe Lé Ooru Kúrò Nílé Mi

Òórùn ọ̀dà tí oòrùn ń yan ni mo fi mọ ilé wa l'Òmù-Àrán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, òórùn náà á máa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà, òun àti òórùn pákó gbígbẹ àti ti eruku. Ọkọ mi ló yan páànù tí a fi bo òrùlé náà. Dúdú ló fẹ́, nítorí ó fẹ́ kí ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìlọrin rí i lókèèrè, kó sì béèrè ẹni tó ni ín. Ilé àfihàn la kọ́, ọ̀rẹ́ mi, a ò kọ́ ibùgbé. Èkó là ń gbé. Bí ìnáwó bá dé, a ó wá sùn mọ́jú, a ó sì ti kọrí sọ́nà kí oòrùn tó mú. Ìgbà tí ọkọ mi kú, tí èmi náà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí mo kó ẹrù mi wá síbẹ̀, ni mo tó mọ irú ohun tí a kọ́.

Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ilé tèmi ń lé mi jáde lọ́sàn-án gangan. Fáànù ò ṣe ju kó máa gbé ooru láti igun kan lọ sí ìkejì, ìyẹn bí iná bá wà. Òrí tí mo fi ń para, tí mo gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù, á ti di omi kí n tó jẹun ọ̀sán. Ẹ̀gbá ni mí, n kò sì ní ẹni tí mo lè yà sọ́dọ̀ rẹ̀ nílùú náà ju ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ, ìyá arúgbó tó ń gbé ilé alámọ̀ ti ẹbí. Ó ṣì ń pè mí ní Ìyàwó, pẹ̀lú gbogbo ewú tó wà lórí mi. Bí òun àti àwọn ará ilé bá ń sọ Ìgbómìnà lọ rẹrẹ, bí mo bá ti yọ báyìí, á yí ohùn padà sí Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́. Oore ló ń ṣe mí, mo mọ̀. Síbẹ̀ ó máa ń dùn mí, nítorí àlejò là ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ọmọbìnrin mi tó wà l'Àbújá a máa pè mí ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Á ní, "Mọ́mì, ooru yẹn á gbé ẹ̀jẹ̀ yín sókè. Ẹ jẹ́ ká wá mú yín." Èmi á ní, "N ò lọ síbì kankan. Ilé bàbá yín nìyí." Á bẹ̀ mí, màá kọ̀, á tún bẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní bí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn bá tún bá mi nínú ooru náà, àwọn ń bọ̀ wá kó mi ni, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ẹkún. Mo mọ̀ pé á ṣe é, torí èmi ló jọ. Ni mo bá ní kí n tètè wá oògùn sí òrùlé yìí, kí wọ́n má baà lọ gbé mi sí yàrá ẹ̀yìn nílé ọkọ ọmọ, níbi tí n ó ti máa tọrọ àyè kí n tó se ọbẹ̀.

Ìyá arúgbó ní, "Ìyàwó, amọ̀ ni kó o ní kí wọ́n rẹ́ sókè àjà. Ohun tí àwọn bàbá wa ṣe nìyẹn." Kò purọ́. Igi ni wọ́n tò sí àjà ilé tirẹ̀, tí wọ́n sì rẹ́ amọ̀ lé e lórí gìdìgbà. Bí oòrùn bá ń ran bí iná lóde, ara á tù ọ́ níbẹ̀ bí ẹni wà létí odò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú káfíńtà wá, tó gòkè lọ wo igi tèmi, ẹ̀rín ló ń rín sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Màmá, páànù nìkan ni igi yìí lè rù. Bí ẹ bá gbé amọ̀ lé e, orí bẹ́ẹ̀dì yín ni yóò bọ́ sí." Mo ní ìyẹ̀ pákó ńkọ́, ṣebí ọ̀fẹ́ ni. Ó ní ikán á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tún fi irúfẹ́ òwú onígíláàsì kan tó ń tà hàn mí, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kan án, ó yún mi bíi wèrèpè. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n náà wà, àmọ́ ẹ̀rù iná bà mí. Ló bá tú róòlù kan sílẹ̀, tó ń dán yanran bíi bébà inú páálí sìgá. Ó ní, "Òyìnbó tó ṣe páànù ló ṣe èyí láti fi bẹ̀bẹ̀ fún ooru rẹ̀."

Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ ọlọ́jà gbọ́. Mo ní kó kọ́kọ́ ṣe yàrá kan ṣoṣo. Ó ta á sábẹ́ páànù, ó fi àyè tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láàárín wọn, ó sì lu ihò sétí òrùlé, ó fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè rí ọ̀nà jáde. Mo gbé abọ́ òrí kan sí yàrá náà, mo gbé ìkejì sí yàrá mìíràn tí kò tíì ṣe. Lọ́sàn-án, ti yàrá tí kò tíì ṣe ti ṣàn, ti yàrá tó ṣe ṣì dì. Mo pariwo lórúkọ Olúwa! Mo ní kí wọ́n ṣe é yí gbogbo ilé ká.

Ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Káfíńtà àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń jiyàn bọ́ọ̀lù lókè àjà, wọ́n ń pè mí pé kí n wá wò ó, mo ń dín dòdò fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n kó irinṣẹ́ wọn lọ, ilé tutù, ó sì dá páropáro. Mo jókòó sí pálọ̀ tí ara tù mí, n kò sì rí ẹni tí mo máa sọ fún.

Ọmọ mi wá nígbà ọdún Àjíǹde, àsìkò tí ooru máa ń mú jù. Ó sùn lọ́sàn-án títí tó fi wá ìró fa bora. Nígbà tó jí, ó wo òkè, ó wò mí, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ọkàn wa ti balẹ̀ báyìí." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti borí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó pè. Ó béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó béèrè ẹsẹ̀ mi, ó béèrè bóyá iná wà. Mo dáhùn, mo sì ń dúró. Mo ti ní èsì mi lẹ́nu bí ìṣe mi. Ó ní, "Ó dàárọ̀, Mọ́mì," ó sì pa fóònù.

N kò fẹ́ lọ sí Àbújá nígbà náà, n kò sì tíì fẹ́ lọ dòní. Àmọ́ kò sí ẹni tó ń bẹ̀ mí mọ́. Nínú ẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo ti máa ń gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mi lọ́dọ̀ wọn. Bí mo ṣe ń kọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun gan-an ni mo fi ń gbé ọ̀sẹ̀ ró.