Omi Tó Ń Jò Lábẹ́ Káráfáànù Dádì

Ẹ wá ibi kan fìdí lé, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Barking yìí. Ẹ gbé ife tíì yín dání, kí ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú. Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Òórùn páńkó tí omi ti mu yó, bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé aṣọ tútù sínú báàgì. Àárọ̀ Sátidé kan ni. Dádì ṣílẹ̀kùn káráfáànù wọn, òórùn yẹn sì jáde kò wá lójú. Mọ́mì fi etí ìborùn bo imú, wọ́n ní, "Bàbá Ṣọlá, orogún mi ti tọ̀ sílé o."

Orogún ni Mọ́mì máa ń pe káráfáànù náà. Ilé kékeré onítáyà ni, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí mọ́tò. Ọwọ́ òyìnbó arúgbó kan ní àdúgbò wa ní Rippleside ni Dádì ti rà á, ó sì gba gbogbo iwájú ilé wa débi pé ẹ̀gbẹ́ la máa ń fi wọlé. Mọ́mì ń ṣàwàdà ni. Lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń kí i bí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́: "Ìyàwó mi, ṣé o sùn dáadáa?" Ṣùgbọ́n èmi kò ṣàwàdà. Iléeṣẹ́ mọ́tò ní Dagenham ni Dádì ti ń ṣiṣẹ́, Sátidé nìkan la sì máa ń rí wọn. Kí káráfáànù tó dé, èmi ni mo ni Sátidé. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ sí ọjà East Street láti ra ẹja, tí wọ́n á sì jẹ́ kí n mú èyí tí ojú rẹ̀ dán jù. Nígbà tó dé, ẹsẹ̀ wọn nìkan la ń rí, tó yọ jáde lábẹ́ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ káráfáànù nìkan ni, ǹ bá fara dà á. Bísí ni n kò lè gbà.

Ọmọ àbúrò Dádì tó kú sí Ìjẹ̀bú-Igbó ni Bísí. Wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ wa nígbà òtútù, nínú kóòtù tó tóbi jù ú lọ. Mo jù ú lọ díẹ̀, ó sì tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ní ilé-ìwé, kò pẹ́ tí tíṣà fi mọ orúkọ rẹ̀ pè bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n orúkọ mi tó ti ń pè tipẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

Ilẹ̀ inú káráfáànù ti rọ̀ nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, omi sì ń kán nítòsí táyà. Mo rò pé ẹ̀gbẹ́ táyà náà ló ti ń jò. Dádì mi orí. "Ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti ń jò," wọ́n ní. "Omi máa ń rìn kó tó ṣubú." Páìpù tó ń gbé omi láti táǹkì gba abẹ́ ilẹ̀ káráfáànù kọjá, ó wà láàárín páńkó àti páànù tí wọ́n fi bo ìdí rẹ̀. Àlàfo ibẹ̀ há. Ọwọ́ Dádì kò wọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n gbìyànjú, ọwọ́ mi há sí ọrùn-ọwọ́. Bísí na tirẹ̀, ó wọlé dé ìgúnpá.

Dádì rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè." Mo wo ọwọ́ ara mi. Kò tó pẹpẹ, kò sì wọ kèrègbè.

Ìjọ wa ń múra láti lọ sí etí òkun ní Clacton nígbà ọlidé. Dádì ṣèlérí pé ẹni tó bá rí ojú ibi tó ń jò ló máa jókòó níwájú mọ́tò pẹ̀lú àwọn títí a ó fi débẹ̀. Ẹ ò lè mọ ohun tí ìjókòó yẹn jẹ́ fún mi. Gbogbo Sátidé tí mo ti pàdánù ló wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú káráfáànù ni wọ́n fi mí sí, kí n máa tan pọ́ǹpù tó ń fa omi láti táǹkì, kí n máa pa á. "Tàn án." "Pa á." Ohun tí mo ń gbọ́ nìyẹn láti abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀rín wọn náà máa ń gba inú páńkó wá bá mi. Bísí á tún pariwo sókè pé, "Sistá Ṣọlá, ẹ má sùn lọ o. A ṣì ń ṣiṣẹ́ níbí." Sátidé ń gorí Sátidé. Gbogbo oríkèé páìpù tí wọ́n bá nù ló tún ń tutù, nítorí omi ti tàn kálẹ̀ níbẹ̀, wọn kò sì mọ èyí tó jẹ́ orísun.

Ní Sátidé kan, mo ń bá Mọ́mì fọ sùtánà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìjọ Aládùúrà mọ̀ pé aṣọ funfun kì í funfun tán láìsí búlúù. Mọ́mì ju ẹyọ kan sínú bàsíà, mo sì rí bí àwọ̀ náà ṣe ń rìn nínú omi bí èéfín. Mo sáré jáde. "Dádì, ẹ jẹ́ ká da búlúù sí táǹkì. Omi tó bá láwọ̀, kò ní lè fara pamọ́."

Wọ́n yọ orí jáde lábẹ́ káráfáànù, wọ́n wò mí pẹ́. "Ìyá Ṣọlá, gbé búlúù yẹn wá."

Gbogbo páálí ni wọ́n dà sí i. Mo fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀ láti lọ wò ó, ṣùgbọ́n Dádì ní, "Má fi pọ́ǹpù sílẹ̀." Mo tàn án. Mo dúró. Mo gbọ́ ohùn Bísí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Dádì, ibí ló ti ń jáde. Ó ti kán sí mi lójú."

Ibi tí páìpù ti yí gòkè lọ bá síǹkì ni, ó jìnnà gan-an sí táyà. Rọ́bà inú oríkèé rẹ̀ ti gbó. Dádì tú u pẹ̀lú sípánà, wọ́n fi rọ́bà tuntun sí i, wọ́n sì fún un le. Mo tan pọ́ǹpù. Ilẹ̀ gbẹ.

"Dádì, èmi ni mo mú búlúù wá."

"Òótọ́ ni. Orí ẹ pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i ni mo wí, Bísí ló sì rí i."

Mọ́mì kò jẹ́ kí wọ́n da omi táǹkì nù. Wọ́n ní àwọn kò lè fi búlúù ṣòfò, wọ́n sì fi omi náà ṣan gbogbo sùtánà wa, láìmọ iye tí Dádì dà sí i. Ní ọjọ́ Sunday, a wọ ṣọ́ọ̀ṣì bí ojú ọ̀run tó rìn wọlé. Ẹ mọ̀ pé nínú ìjọ wa, àwọ̀ aṣọ ni oyè. Wòlíì wa wò wá láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìyá Ṣọlá, ta ló fi yín joyè? Tọmọtọmọ?" Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Dádì dìde láti ṣàlàyé, àlàyé sì di ìjẹ́rìí. Wọ́n ní, "Bísí ọmọ mi ló rí i." Ọmọ mi. Wọn kò sọ ẹni tó mú búlúù wá.

Bísí ló jókòó níwájú. Mọ́mì sùn lé mi léjìká lẹ́yìn mọ́tò, irun dídì Bísí ni mo sì ń wò dé etí òkun.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí Dádì jáde láyé, àwọn ẹbí jókòó ní pálọ̀ wa láti pín ogún. Káráfáànù di ti Bísí, tòun ti àpótí sípánà. Ilé di tèmi, mo sì jogún Mọ́mì, tí wọ́n ń sùn ní yàrá ìsàlẹ̀ báyìí. Gbogbo ẹbí ló ní ìpín tèmi pọ̀ jù, òótọ́ sì ni. Ọmọ ìgbà yẹn ń sunkún nítorí ìjókòó iwájú. Ìyá àgbà tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ní ilé lódindi, iwájú rẹ̀ sì ṣófo, mọ́tò méjì lè dúró síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe Bísí lórí fóònù, mo bi í bóyá káráfáànù tún ti ń jò, pé mo lè wá bá a wò ó.

"Rárá o, Sistá Ṣọlá. Ó gbẹ táútáú."

Mo ní a dúpẹ́. Kò dùn mọ́ mi.