Độ ní Ilé Iṣẹ́ Kajú

Euphrasie fi àtàǹpàkò yí hóró kajú kan lẹ́ẹ̀mejì, ó wá tẹ̀ ẹ́ wọ inú kòtò kékeré tó wà lára ẹ̀rọ. Hóró náà kò mì. Ó mú ọwọ́ kúrò.

"Ó yá," ló wí.

Ọ̀gbẹ́ni Eustache, olórí ilé iṣẹ́ náà, ká apá mọ́ àyà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rọ tuntun yìí ti ń fọ́ èso kajú wẹ́wẹ́. Ó ti sọ ọ́ láàárọ̀: bí abọ́ kan péré bá tún jáde bẹ́ẹ̀, òun yóò dá ẹ̀rọ padà lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn obìnrin méjìlá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yóò sì máa lọ sílé.

"Kajú yín ni kò dára," ó tún wí. "Ẹ̀rọ kò lẹ́bi."

Euphrasie mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi ọwọ́ pa kajú kí ẹ̀rọ tó dé. Epo èèpo rẹ̀ ṣì dúdú lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kajú agbègbè Kèrè níbẹ̀ kéré. Kòtò ẹ̀rọ gbà á láyè jù, ó ń yí, ọ̀bẹ sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Euphrasie wá gé róbà inú táyà alùpùpù, ó fi tẹ́ kòtò kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Minh, ará Vietnam tó wá to ẹ̀rọ náà, ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú wọn fi ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: độ. Kí ènìyàn mú alùpùpù, kí ó tún un ṣe títí yóò fi ju bí wọ́n ṣe tà á lọ. Lọ́jọ́ tó rí i tí Euphrasie ń tú nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó nawọ́ sí i.

"Độ!"

"Ṣé alùpùpù ni mí?"

Minh rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò kajú. Ó ní wọ́n ń sọ ọ́ fún ènìyàn pẹ̀lú, ẹni tó tún ara rẹ̀ ṣe.

Báyìí, ẹ̀rọ ké. Abọ́ kún. Gisèle, tó ń ṣa èso, dà á sórí tábìlì. Odidi. Odidi. Ọ̀gbẹ́ni Eustache fi ìka tú u, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún tú u.

"Níbo lẹ kó àwọn tó fọ́ sí?"

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ wo àpò ṣòkòtò yín," Euphrasie dá ọ̀gá lóhùn.

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan fi abọ́ òfìfo lu tábìlì, àwọn yòókù gbè é.

"Euphrasie, ta ló ní kí o fọwọ́ kan ẹ̀rọ?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n fọwọ́ kàn án, Ṣẹ́ẹ̀fù."

Ọ̀gbẹ́ni Eustache ju èso kan sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ tán.

"Ẹ̀rọ kò lọ síbì kankan mọ́. Ẹ̀yin náà kò lọ. Ẹ̀rọ mìíràn tó wà ní yàrá kejì ńkọ́? Ṣé o lè bẹ̀rẹ̀ báyìí?"

"Ó di ọ̀la, Ṣẹ́ẹ̀fù. Ọjọ́ ìsinmi mi lòní, èyí nìkan ni mo wá ṣe."

Ó fọ ọwọ́, ó tún gèlè wé. Ó jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ọ̀nà tó lọ sí Arigbo, láàárín títì gan-an, bí alùpùpù tí wọ́n ti độ. Kò yára.