Orúkọ Màmá Mi Lára Ògiri

Iṣẹ́ lẹ́tà yíyà ni mo fi ń jẹun. Lánàá, òórùn ọ̀dà tí wọ́n ń fi kun géètì kan ní Ijapo, ní Àkúrẹ́ níbí, gbé mi padà sí Oǹdó, sí ọ̀sán kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí bàbá mi, tó ń kọ pátákó fún àwọn onísọ́ọ̀bù, ń kọ orúkọ màmá mi gàdàgbà sára ògiri wa. Màmá mi ti lọ sí Àkúrẹ́ látìgbà òjò. Bàbá mi fa ìrù sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa ṣe òjìji rẹ̀.

“Bàbá, ta ló máa kà á?”

“Bí mọ́tò ìyá rẹ bá kọjá, yóò rí i.”

Mo jókòó sẹ́bàá títì tó lọ sí Àkúrẹ́, mò ń wo ọkọ̀, mo sì ń fi ìka ya àwọn lẹ́tà náà sínú iyẹ̀pẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé màmá mi ti fẹ́ ọkọ mìíràn ní Àkúrẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, mo ti mọ orúkọ wọn kọ.