Ojú Kan Tó Kù fún Màámi

Ẹ̀rù oòrùn ń bà mí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá, tí oòrùn yọ sí mi níwájú, ṣe ni mo máa ń sorí kọ́ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Màámi ò fẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ni. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi láti máa gbé e mì.

Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe. Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Èkó wálé ọdún, wọ́n sì gbé tẹlisikóòpù kan fún mi, ìyẹn awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ohun tó wà lójú ọ̀run. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dá, àwọn ọmọ wọn ò sì fi ṣeré mọ́. Mo fi igi àti wáyà di ẹsẹ̀ náà, mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì wo òṣùpá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Háà! Ẹnu mi ò lè padé.

Ibẹ̀ ni ojúkòkòrò ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Kámẹ́rà tí wọ́n dìídì ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, owó ilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kámẹ́rà kéékèèké tí wọ́n máa ń há sórí kọ̀ǹpútà, tí èèyàn fi ń rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lókèèrè, kún inú páálí ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mú ọ̀kan, mo yọ dígí iwájú rẹ̀, mo wá ike oògùn kan tó ṣe é kì bọ ibi tí èèyàn ń gbójú lé nídìí awò, mo sì lẹ kámẹ́rà mọ́ ọn. Wáyà rẹ̀ wọ inú láàpútọ́ọ̀pù. Fídíò ni mò ń yà. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí mo rí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì á wá ṣa àwọn àwòrán tó mọ́ jù nínú rẹ̀, á tò wọ́n léra títí wọn á fi di ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bà á jẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹrin, òṣùpá jókòó sójú láàpútọ́ọ̀pù pẹ̀lú gbogbo kòtò ara rẹ̀.

Màámi ni mo kọ́kọ́ fi hàn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílé wa. Iṣu tuntun ni o, fóònù tuntun ni o, Màámi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbé ojú òsì sún mọ́ àwòrán náà. Ojú ọ̀tún wọn ti kú tipẹ́, àìsàn ojú tí kì í dun èèyàn ló jí i gbé. Ojú òsì yìí ni wọ́n fi ń ránṣọ, òun ni wọ́n fi ń ka Bíbélì, òun náà ni wọ́n fi ń mọ irọ́ mi.

“Ṣé òṣùpá rèé? Ó dà bí àkàrà tí eku jẹ.” Wọ́n pòṣé. “Àwòrán ṣáá ni. Irú èyí ń bẹ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ tí o bá rí nǹkan gidi, fojú tèmi kàn án.”

Kò pẹ́ ni mo kà á pé àmì dúdú-dúdú máa ń wà lára oòrùn. Ó wù mí láti yà á. Gbogbo ibi tí mo ti kà á ló ní kí n ra gíláàsì pàtàkì tí wọ́n ń dé sí iwájú awò. Mo ní ta ni wọ́n ń tàn? Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé, tí òṣùpá bo oòrùn lójú lọ́sàn-án gangan, ṣebí fíìmù ẹ́kísírè ni gbogbo wa gbé sójú? Ojú ta ló fọ́ nínú wa? Fíìmù àyà Màámi, èyí tí wọ́n yà nígbà tí ikọ́ ń dà wọ́n láàmú, wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gé ibi tó dúdú jù, mo ṣe é ní ìlọ́po méjì, mo sì lẹ̀ ẹ́ sídìí awò, láàárín awò àti kámẹ́rà. Ìdí o, kì í ṣe iwájú. Ibi tí awò ń kó gbogbo oòrùn jọ sí gan-an ni mo fi ọ̀rá fíìmù lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn yọ lójú láàpútọ́ọ̀pù, ó rí roboto, àmì dúdú mẹ́ta sì wà lára rẹ̀. Mo pariwo. Bí mo ṣe yọ kámẹ́rà láti nù ún, mo rí i pé etí fíìmù náà ti ká kò díẹ̀, ó sì ń rùn bí ike tó kan iná. Mo rí i. N ò ní purọ́. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà, mo ní kò sí nǹkan.

Màámi ti gbọ́ ariwo mi. Wọ́n jáde pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ń rán lọ́wọ́.

“O ti rí i kí n tó rí i?”

“Rárá o, Màámi. Kámẹ́rà ló rí i. Èmi ò tíì gbójú lé e.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ló kàn.”

Ó yẹ kí n ní rárá. Ó yẹ kí n fi ojú méjì tèmi dán an wò ná. Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣáájú Màámi nílé wa? Mo kàn ń sọ pé, “Ẹ rọra o.” Mo fi gíláàsì tí wọ́n ń gbójú lé rọ́pò kámẹ́rà. Wọ́n tẹ̀ba, wọ́n gbé ojú òsì lé e.

“Ó pọ́n,” ni wọ́n wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Ó pọ́n bí ẹyìn. Mo rí…”

Fíìmù náà dún tá!

Wọn ò ké. Wọ́n kàn gbórí sókè, wọ́n ní, “Ta ló tan iná?”

Mo ti awò náà ṣubú, mo gbá wọn mú. Wọ́n ń ṣẹ́jú, wọ́n ní iná kan dúró sí àárín ohun gbogbo, kò fẹ́ kúrò. Aládùúgbò wa kan sáré wọlé, ó ní ká wá omi ọmú kán sí i. Mo jágbe mọ́ ọn débi pé ó sá jáde. Ìbínú kọ́, ẹ̀rù ni. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni mò ń na ìka sí Màámi: mélòó nìyí? Wọ́n á ní méjì. Mélòó nìyí? Wọ́n á dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, a gba Òṣogbo lọ. Dókítà tan iná sí wọn lójú, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Èmi ni mo lọ wo oòrùn,” ni Màámi dá a lóhùn. “Ìwà òmùgọ̀ àgbà ni.”

Dókítà yíjú sí mi. “Ẹ ò sì dá wọn dúró?”

Màámi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ àga pé kí n má sọ̀rọ̀. Dókítà ní kò sí oògùn fún ibi tó ti jó. Ó ní ká ní sùúrù fún oṣù mélòó kan, díẹ̀ lè padà bọ̀ sípò, ó sì lè má padà. Nínú bọ́ọ̀sì, èdè Ìgbómìnà paraku ni wọ́n fi bú mi títí a fi dé Ìlá, wọn ò sì mẹ́nu kan ojú rárá. Bàtà mi tó ti gbó ni wọ́n ń bú. Ó wù mí kí wọ́n bú mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A ń retí. Mo di awò náà sínú àpò ìrẹsì. Ní àràárọ̀, kí n tó kí wọn tán, màá ti máa bi ara mi pé: àbí òní ni wọ́n máa sọ pé gbogbo rẹ̀ ti ṣú? Mò ń ṣọ́ ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wá ife. Mò ń ṣọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò kọ lu nǹkan kan. Wọ́n ń rí adìẹ lẹ́yìn ilé, wọ́n ń rí ẹni tó ń kọjá ní títì. Òwú nìkan ni wọn ò lè fi bọ abẹ́rẹ́ mọ́, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ló ń gbọ̀n.

Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé bí a bá jọ ń sọ̀rọ̀, ara ògiri ni wọ́n ń kọjú sí. Bí mo bá yí sí iwájú wọn, wọ́n á tún gbójú kúrò. Mo ní ó parí, ìyá mi ti kọ̀ mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, bí wọ́n ṣe ń wé gèlè láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú wọn.

“Màámi, ẹ dákun. Ẹ nà mí, ẹ lé mi jáde, àmọ́ ẹ má kọjú sí ògiri bí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ wò mí.”

“Dìde, aláìmọ̀kan,” ni wọ́n wí, ojú wọn ṣì wà lára ògiri. “Ìwọ náà ni mò ń wò. Báyìí ni mo fi ń rí etí rẹ àti èjìká rẹ. Bí mo bá kọjú sí ọ tààrà, o ò sí níbẹ̀.”