Igbe Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ìyá Ìbejì

Ní gbogbo àdúgbò yẹn, kò sẹ́ni tó ń pe mẹkáníìkì náà ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Elétí ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju kí wọ́n pè é lọ́gàá lọ. Bí ọkọ̀ bá ń pariwo tí olówó rẹ̀ kò mọ ibi tí ariwo ti ń wá, ọ̀dọ̀ Elétí ni yóò gbé e lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ kò jọ ti ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò jókòó sí, yóò ní kí onítọ̀hún máa wà á lọ, yóò sì di ojú. Bí ẹni náà bá lanu láti ṣàlàyé, Elétí yóò gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́ ná. Aláìsàn ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀, kì í ṣe ará ilé ẹ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì dákẹ́. Kí wọ́n tó dé kọ́nà kejì, á ti sọ pé béárìn iwájú lápá òsì ni, ìyẹn àwọn ọmọ irin róbótó tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí geere. Bí wọ́n bá tú u, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọn yóò bá a.

Ṣùgbọ́n òòlù téèyàn ti fi ń lu irin láti ìgbà èwe kì í ṣe ọ̀rẹ́ etí. Díẹ̀díẹ̀ ni ohùn tínínrín ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìfé kẹ́tù orí iná ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, fóònù rẹ̀ kò dún mọ́. Ó fìbínú gbé e lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ìyẹn tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀, ó wo Elétí tìyanu-tìyanu, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Elétí ní ọmọ náà kò mọṣẹ́. Wọ́n ní ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ti etí yàtọ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ ń kú lọ, aráyé ni yóò máa bá jà pé wọn kò lè sọ̀rọ̀ sókè mọ́!

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, aránṣọ ni. Ọkọ̀ kékeré kan ló fi ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá bá ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá Ìbejì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi ń ké. Tí mo bá ti sáré díẹ̀ báyìí, á máa ké fíín, bí ọmọ tínú ń run."

"Jẹ́ ká lọ."

Ó jókòó sẹ́yìn, ó di ojú. Ìyá Ìbejì gba ọ̀nà gbọọrọ tó lọ sílé epo. Elétí gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́ afẹ́fẹ́ lójú fèrèsé. Ó ń retí igbe, igbe kò wá. Ẹ̀rù bà á.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ báyìí? Tí mo bá yà sọ́tùn-ún, ṣe ló máa ń..."

Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ìyá Ìbejì! Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Dákẹ́."

Ìyá Ìbejì ń wà á lọ. Ká ní Elétí jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ni, ohun tí ìbá sọ ni pé bí òun bá yà sọ́tùn-ún, igbe náà á le sí i, bí òun bá yà sósì, á rọlẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá gbọ́ ìyẹn, ì báà dití pátápátá, á mọ̀ pé béárìn òsì ló ń kú lọ, torí òun ni ọkọ̀ ń gbára lé bó bá ń yà sọ́tùn-ún.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í. Kò mì. Béárìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàjẹ́ kì í mì, ó sì mọ bẹ́ẹ̀. Ó kù kó gbé ọwọ́ lé irin sípíríìnì tó wà lẹ́yìn táyà, kó yí táyà, kí ọwọ́ bá a mọ ohun tí etí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti fi àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí, ọkùnrin tó ń kun ọkọ̀ lódìkejì sì ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń wò ó.

"Elétí, kí ni aláìsàn wí?"

"Táyà ni," Elétí dáhùn. "Ó ti jẹ lápá kan." Ó pààrọ̀ ti iwájú sẹ́yìn, ó sì fún ìyàwó rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìbejì ní, "Ó ṣì ń ké o."

"Á lọ. Jẹ́ kí táyà mọ ojú ọ̀nà ná."

Obìnrin náà wò ó títí, ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn kò jìnnà, ṣùgbọ́n ìyàwó Elétí kò lè gbé ọkọ̀ tó ń ké lọ bá ẹlòmíràn kí àdúgbò má gbọ́. Kò sọ ọ́ mọ́.

Níbi gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí afárá ni béárìn náà ti gan. Táyà òsì dúró gbagidi, ọkọ̀ yí, ó sì lọ kọlu ògiri afárá. Irin ni wọ́n fi já ilẹ̀kùn kí wọ́n tó yọ Ìyá Ìbejì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, kò ṣe é tò mọ́. Wọ́n gé e lókè orúnkún. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Irọ́ ni! Eérú tí Elétí dà, ìyàwó rẹ̀ ló tọ̀.

Elétí jókòó tì í ní ilé ìwòsàn. Béárìn tó jóná náà wà lápò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló lọ tú u lára àwókù ọkọ̀. Ìyá Ìbejì la ojú, ètè rẹ̀ mì. Elétí mi orí. "Ó dáa," ló wí. Ètè obìnrin náà tún mì. Ó tún mi orí, ó ń fọwọ́ pa ọwọ́ rẹ̀ rọra, ó ní, "Ó dáa, ó dáa."

Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí ibùsùn kejì yíjú sí i, ó gbóhùn sókè. "Bàbá, omi ni wọ́n ń bèèrè látàárọ̀!"

Elétí dìde, ó bu omi wá. Ó bú sẹ́kún. "Mi ò gbọ́, Ìyá Ìbejì. Lọ́jọ́ tá a gbé ọkọ̀ jáde yẹn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ìyàwó rẹ̀ mumi. Ó fa orí ọkọ rẹ̀ mọ́ra títí ẹnu òun fi kan etí rẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo rí ojú yín nínú dígí ọkọ̀. Mo ń retí kẹ́ ẹ sọ fún mi ni."