Agbègbè Tó Bọ́ Sábẹ́ Òmíràn

Alápótí ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì ìlera tó ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò ta àpótí onígi rí láyé rẹ̀. Kóòdù ló ń kọ sórí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo agbègbè yóò fi di àpótí kéékèèké lójú àwòrán ilẹ̀, ọgbọọgba, kálukú sí ìhà ibi tó wà: ti òkè lókè, ti ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Nínú àwòrán ilẹ̀ gidi, àwọn agbègbè tó fẹ̀ lọ salalu, tí èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀, ló máa ń gba ojú. Àwọn kéékèèké tí èrò há sí kì í hàn. Òun ló ní kí gbogbo wọn dọ́gba.

"Ta ló gé ilẹ̀ wa bíi búrẹ́dì báyìí?" ni awakọ̀ ọ́fíìsì kọ́kọ́ bi í. Alápótí rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Nígbà tí àìsàn onígbáméjì bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ẹ̀rín tán lẹ́nu ẹ. Ọ̀gá wọn fẹ́ fi àwòrán náà han àwọn tó máa pín oògùn àti omi mímu. Agbègbè tí àpótí rẹ̀ bá pọ́n jù, ìyẹn èyí tí aláìsàn pọ̀ sí jù, ni ọkọ̀ máa kọ́kọ́ yà sí. Láti àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé ni Alápótí ti ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó yẹ iye àwọn aláìsàn wò, ó pé. Ó yẹ àwọ̀ wò, ó tọ̀nà. Síbẹ̀ ara rẹ̀ ò balẹ̀, àfi bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn tán tí kò mọ̀ bóyá òun tì í. Ọ̀gá ò lè dúró dè é mọ́. Ó gba àwòrán, ó wọ ìpàdé lọ.

Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ilé ọkọ ní agbègbè etí odò, pè é.

"Àbúrò mi, ọmọ ń bì, ó ń yàgbẹ́ bí omi. Ilé ìwòsàn kún fọ́fọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la wà. Wọ́n ní oògùn ti tán."

"Ẹ po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tẹ́ ẹ ti sè, ẹ̀gbọ́n mi. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún un, ẹ má dáwọ́ dúró. Ọkọ̀ ń bọ̀."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Ó gbójú sókè sí ojú kọ̀ǹpútà láti wo bí àpótí etí odò ṣe pọ́n tó. Kò rí i. Ó wá a lápá ọ̀tún, ó wá a nísàlẹ̀. Etí odò ò sí.

Ó ṣí kóòdù náà. Àyè kan ṣoṣo ló kọ fún agbègbè méjì: etí odò àti èyí tó bá a pààlà. Kọ̀ǹpútà ò bínú, kò ké. Ó kàn ya ọ̀kan lé èkejì lórí. Èyí tó wà lókè funfun báláú. Èyí tó pupa fòò wà lábẹ́.

Ó sún etí odò sí àyè tirẹ̀, ó tẹ àwòrán tuntun jáde, ó sì sáré gba ibi ìpàdé lọ. Bàtà rẹ̀ kan já lórí àtẹ̀gùn. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, àwòrán ọwọ́ yín yẹn ò tọ̀nà. Èmi ni mo ṣì í."

Ọ̀gá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà. "Ṣé ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i?"

"Ẹ máa bínú sí mi tó bá yá, sà. Ọkọ̀ ńkọ́?"

Ọkọ̀ ti gbéra. Wọ́n pe awakọ̀ lórí fóònù pé kó ṣẹ́rí padà, kó gba ọ̀nà odò lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún pè. Oògùn ti dé, ọmọ ti ń la ojú, ó tiẹ̀ ti ń bèèrè ìyá rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe ìyá náà ló gbé e lẹ́sẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wà lórí ẹní ẹ̀gbẹ́ wa," ló wí, "kò dúró de ọkọ̀ yẹn."

Alápótí padà jókòó, ó kọ ìlà tuntun kún kóòdù rẹ̀: bí agbègbè méjì bá jókòó sí àyè kan, kó kọ̀, kó má ya ohunkóhun. Ó mọ̀ọ́mọ̀ kó méjì sójú kan, ó dán an wò. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó tún dán an wò.